Fúráìpáànù irin mi dípẹtà lẹ́yìn tí a pàgọ́ sí J4, ẹ gbà mí o

Aláàgọ́_Òde · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí kí ìyàwó mi tó ta nǹkan yìí fún àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri àdúgbò wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi fúráìpáànù irin kan ránṣẹ́ sí mi, irin dídà tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Lodge, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ni wọ́n kọ sí i nídìí. Àwa mẹ́fà láti Ìjẹ̀bú-Òde gbé e lọ sí J4 nínú Igbó Ọmọ. A gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, a sì sun ibẹ̀ lálẹ́ méjì. A dín ẹyin, a dín dòdò, ẹnu wa ń tasánsán. Àṣé mo fẹ́ ṣe àṣejù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo se ọbẹ̀ ata sínú rẹ̀, tòmátì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. A ò jẹ ẹ́ tán, ìyókù sun inú rẹ̀ mọ́jú, òjò sì rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo da omi sí i, mo fi kànrìnkàn onírin ha á, mo dì í sínú ọ̀rá, ó di ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí n tó rántí tú u. Ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko! Mo wá da òróró ẹ̀pà sí i, kì í ṣe díẹ̀ o, mo gbé e ka gáàsì. Ní báyìí ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oje igi, ìpẹtà náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni? Àwọn kan ní ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Ohun kejì ni pé mo ra ìkòkò dúdú ńlá kan lọ́jà fún àgọ́ yìí kan náà, ẹni tó tà á ní irin kan náà ni, ṣùgbọ́n dúdú ara rẹ̀ ń bó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la máa padà sí J4.

Màmá_Alákàrà_Ìpẹru · Ọjọ́ Ajé, 8:51 àárọ̀

Ọmọ mi, ọṣẹ kẹ̀? Agbada tí mo fi ń dín àkàrà, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, n kò fi ọṣẹ kàn án rí. Tí mo bá dín tán, mo máa ń da òróró rẹ̀ kúrò, máa fi àkísà nù ún nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó parí. Ó ń dán bíi dígí. Ọbẹ̀ ata tó o sè sí i ló bà á jẹ́. Agbada kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀.

Ọdẹ_Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀

Ẹ má jẹ́ kó le tó báyẹn. Àwa tá a ń sun igbó, iyanrìn odò la fi ń fọ ìkòkò wa. Bu iyanrìn, wọ́n omi sí i díẹ̀, fi ewé tó le ha á. Kò sí ìpẹtà tó máa dúró dè é.

Ọmọ_Rẹ́mọ_Arìnrìnàjò · Ọjọ́ Ajé, 9:42 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ ju páànù náà sínú iná ńlá, kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Gbogbo nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ọn á jó dànù, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo rí i lórí YouTube.

Kẹ́mísìrì_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ajé, 11:05 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Màmá, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yín díẹ̀.

Dúdú tó ń dán lára irin yẹn kì í ṣe òróró mọ́. Tí òróró bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí irin, tí iná sì gbóná kọjá ibi tó ti ń rú èéfín, yóò yí padà, yóò so mọ́ra, yóò di awọ líle tó lẹ̀ mọ́ irin. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lóde òní kò lágbára láti ká awọ yẹn. Ibo wá ni ọ̀rọ̀ pé ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án ti wá? Ọṣẹ àtijọ́ ni. Ẹ wo ọṣẹ dúdú tiwa: eérú èèpo kòkó tàbí ti ìdì ẹyìn ni wọ́n máa ń sẹ́, omi eérú yẹn ni wọ́n á sì fi se àdín tàbí epo pupa. Omi eérú tó bá ṣẹ́kù sínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ awọ irin. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kò burú rárá, ọṣẹ ló yàtọ̀.

Omi ló ń pa irin. Má rẹ ẹ́ sínú omi, má jẹ́ kó sun mọ́jú pẹ̀lú omi tàbí ọbẹ̀. Ásíìdì inú tòmátì náà ń jẹ awọ yẹn, ó sì ń fa irin bọ́ sínú oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ fi máa ń ní adùn bíi kọ́bọ̀ lẹ́nu. Páànù tó ti dàgbà lè gba tòmátì ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tìrẹ kò tíì dàgbà.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Lílẹ̀ tó ń lẹ̀ yẹn, òróró ló pọ̀ jù, kò gbẹ. Fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin ha gbogbo rẹ̀ títí irin á fi hàn ní àwọ̀ eérú. Tí ìpẹtà bá ṣorí kunkun, da fínígà àti omi pọ̀, ìdajì-ìdajì, rẹ ẹ́ sí i, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó tó wákàtí kan, nítorí fínígà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra rẹ̀. Ṣàn án, gbé e sórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, kán òróró sóyà sí i, kó má kọjá ṣíbí tíì kan. Fi pa inú, pa ẹ̀yìn, pa ọwọ́ rẹ̀. Wá mú aṣọ gbígbẹ, kó o nu òróró náà kúrò bí ẹni pé àṣìṣe lo ṣe tó o fi kùn ún. Èyí tó ṣẹ́kù tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí, òun la fẹ́. Dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú ófùn, láàárín 230 sí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún wákàtí kan. Pa iná, jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí kò bá sí ófùn, ẹ̀ṣẹ́ iná èédú náà á ṣe é, kó má jẹ́ ọwọ́ iná tó ń fò. Fi ìdérí tàbí abala páànù kan bò ó kí ooru lè yí i ká. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é o, èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Màmá_Alákàrà_Ìpẹru · Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ sóyà? Epo pupa ni ìyá mi fi kun tèmi.

Kẹ́mísìrì_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ajé, 12:33 ọ̀sán

Màmá, agbada yín ti ń rí òróró gbígbóná lójoojúmọ́ láti ìgbà ayé ìyá yín. Ohun yòówù tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀, á dára náà ni. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, epo pupa, àdín àti òróró àgbọn kì í tètè so mọ́ra bíi sóyà. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì nígbà òtútù, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kì í sì fẹ́ di awọ líle. Òróró ẹ̀pà wà láàárín méjèèjì.

Wẹ́dà_Mákùn · Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n tètè rí i, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ọmọ Rẹ́mọ, ìmọ̀ràn ẹ yẹn máa ba nǹkan jẹ́. Irin dídà kì í ṣe irin tí a fi ń ṣe géètì. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣe é dà sínú àpẹẹrẹ bí omi, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó máa sán bí àwo. Tó o bá jù ú sínú iná ńlá, apá kan á gbóná jura lọ, ó lè wọ́, ó lè sán. Kó pọ́n bẹ́ẹ̀ kó tutù, á hu èépá pupa kan tí òróró kì í fẹ́ gbá mú mọ́.

Ṣé ẹ mọ èyí tó dùn mí jù? Ẹnì kan gbé ìkòkò irin wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹran ń yí nínú rẹ̀, ó gbẹ mọ́ ọn, ọmọ kékeré kan bá bu omi tútù láti inú kúlà, ó dà á sí i lórí iná. Ó dún gbì! Ó sán láti ẹnu dé ìdí. Wọ́n ní kí n jó o pọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní í gbà, mo ṣáà ṣe é, torí pé ojúlùmọ̀ ni. Ibi tí mo jó dúró ṣinṣin, ó wá sán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó tutù tán. Kí èèyàn tó lè jó irin dídà dáadáa, á kọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, á lo ọ̀pá ìjórin onínickel, á tún bò ó sínú eérú kó tutù fúnra rẹ̀. Owó yẹn á ra ìkòkò tuntun. Mo dá owó wọn padà.

Torí náà ní àgọ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ gbé kẹ́túlù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí ẹ bá ti ń jẹun, á ti gbóná kẹ́ ẹ tó jẹun tán.

Ìkòkò dúdú tó o rà yẹn ń kọ mí lóminú. Irin kì í bó bí ọ̀dà. Mú òòfà, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, fi kàn án. Padà wá sọ ohun tó o rí.

Ọdẹ_Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Wẹ́dà, o sọ òótọ́ nípa omi tútù yẹn. Ti iyanrìn ńkọ́?

Wẹ́dà_Mákùn · Ọjọ́ Ajé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Bàbá ọdẹ, sáńpépà kí ni wọ́n fi ń ṣe? Ẹ fi iyanrìn ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá wù yín. Tí ẹ bá fi ha inú, gbogbo ohun tí Kẹ́mísìrì ní kó fi wákàtí mẹ́ta sun mọ́ ọn lẹ máa ṣí dànù níṣẹ́jú kan. Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, iyọ̀ oníhóró, pẹ̀lú òróró díẹ̀ àti àkísà. Á ká ohun tó jó mọ́ ọn láìká awọ rẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé ẹ nu iyọ̀ náà kúrò pátápátá, torí pé iyọ̀ àti ìrì òru, ọ̀rẹ́ ìpẹtà ni wọ́n.

Ọdẹ_Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ajé, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù ni tèmi, bóyá ìyẹn ni iyanrìn fi bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ará ìlú kò mọ̀ nípa ìta sísùn. Ẹ ò gbọdọ̀ fi páànù olóròóró sílẹ̀ síta lóru. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́bàá ọ̀nà Ajébàńdélé, ìjàlọ ló jí mi. Wọ́n bo ìkòkò, wọ́n bo àpò, wọ́n gba orí ẹní mi kọjá. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ gbé e kọ́ sókè, jìnnà sí ibi tí ẹ sùn. Ẹ má sì da omi ọṣẹ sódò, àwọn ẹranko ń mu ún. J4 yẹn, erin wà níbẹ̀ o.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Ọdẹ, mo dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ erin yẹn, torí àwọn èwe kò mọ̀ pé láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ya Igbó Ọmọ sọ́tọ̀, àti pé UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò ní 1977.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé lánàá ni ìkòkò irin dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé ìyá bàbá mi ní ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ FALKIRK sí lára. Scotland ni ìlú yẹn wà, níbi tí ilé iṣẹ́ Carron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1759, ti ń da irin nígbà kan rí. Ṣáájú wọn ni Abraham Darby, Gẹ̀ẹ́sì kan, ti gba ìwé àṣẹ ní 1707 fún dída ìkòkò irin nínú iyanrìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: ibi yòówù tí o bá gbé e kalẹ̀ sí, ààrò ti dé nìyẹn.

Ìtọ́jú wo ni ìyá àgbà ń ṣe fún un? Kò sí òróró sóyà nígbà náà. Bó bá ti fọ̀ ọ́, á dojú rẹ̀ dé orí àjà tó wà lókè ààrò. Èéfín àti ooru ló ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi kankan kò lè dúró lára rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìdáná alámọ̀ọ́lẹ̀ símẹ́ńtì tí wọ́n sì gbé ìkòkò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Èmi ni mo fi ojú ara mi rí i.

Ìyá_Gáìdì_Òdogbolú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

Ẹ kú orí ire, Tíṣà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ Girl Guides nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a fi ọṣẹ ra ẹ̀yìn ìkòkò kí a tó gbé e ka igi. Tí a bá sè tán, gbogbo dúdú náà á bá ọṣẹ lọ. Aláàgọ́, gbìyànjú ẹ̀.

Má sì tún fi ọ̀rá di irin mọ́ láyé ẹ! Ọ̀rá ń há omi mọ́nú ni. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kó o fi wé e, kó o tẹ́ abala kan sáàárín rẹ̀ àti ìdérí, kó o wá gbé e sínú àpò ìrẹsì. Ìwé á fa omi, àpò á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Kẹ́mísìrì_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀

Àǹtí, ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn yẹn gba máàkì kíkún. Ọṣẹ ẹ̀yìn ìkòkò, ó dára fún àlùmíníọ̀mù tó fẹ́ máa dán. Irin dídà ò nílò rẹ̀. Ó ti dúdú tẹ́lẹ̀, kí la tún fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Nu èyí tó máa kun aṣọ kúrò, kó o fi ìyókù sílẹ̀.

Aláàgọ́_Òde · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ẹ ṣeun ṣeun. Mo tú sípíkà rédíò àtijọ́. Òòfà náà lẹ̀ mọ́ fúráìpáànù débi pé ọwọ́ méjì ni mo fi já a. Mo gbé e lé ìkòkò tí mo rà… ó já bọ́ bí ewé gbígbẹ. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí.

Mo sì san owó irin fún un o. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú!

Wẹ́dà_Mákùn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́

Mo ti mọ̀. Àlùmíníọ̀mù ni, wọ́n kun ún lọ́dà dúdú. Má bínú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àwọn tó ń da ìkòkò níbí, àlòkù àlùmíníọ̀mù ni wọ́n ń yọ́, torí pé ní 660 Celsius ló ti ń yọ́, iná èédú àti ẹwìrì tó o. Irin dídà á gbà tó 1,150 kó tó di omi. Ìwúwo rẹ̀ náà ì bá ti sọ fún ẹ: irin fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta àlùmíníọ̀mù.

Màmá_Alákàrà_Ìpẹru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:19 alẹ́

Kò burú. Ìyẹn ni kó o máa fi se ọbẹ̀ ata.

Kẹ́mísìrì_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Màmá, kì í ṣe báyìí tó ṣì ń bó. Bí ọ̀dà bá wà nínú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kó má fi se nǹkan jẹ títí gbogbo ọ̀dà náà á fi kúrò. Àlùmíníọ̀mù náà kò sì fẹ́ràn tòmátì, kí ọbẹ̀ má sun inú rẹ̀. Ìkòkò tánńganran ló dára jù fún ọbẹ̀ ata, kò sì wúwo láti gbé.

Ìyá_Gáìdì_Òdogbolú · Ọjọ́rú, 6:58 àárọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú ìkọ́kọrẹ́ nínú páànù irin tí kò tíì dàgbà o. Mo ṣe é. Ewùrà mi dúdú bí ilẹ̀ ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ní àwọn ò jẹ. Èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Aláàgọ́_Òde · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 10:12 àárọ̀

Mo ní kí n jábọ̀. Mo ha á tán, fínígà ogójì ìṣẹ́jú, òróró sóyà, èédú. Ìgbà àkọ́kọ́, n kò nu òróró náà tó, ó tún ní ojú àmì kéékèèké bíi èélá. Mo tún ha á. Kẹ́mísìrì, ó tó ìgbà tí mo nù ún bí ẹni tó ṣàṣìṣe lóòótọ́ kó tó gbà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo sun ún. Ó dúdú báyìí, kò sì lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ mọ́. Dòdò ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹyin ṣì ń di àárín rẹ̀ mú díẹ̀.

Màmá_Alákàrà_Ìpẹru · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:30 àárọ̀

Dín àkàrà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹyin á gbọ́ràn.

Aláàgọ́_Òde · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:37 àárọ̀

Màmá, àkàrà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi tó fẹ́ tà á ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kò tún lọ sí J4 mọ́ láéláé, pé ilé ìdáná òun ló ń gbé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ o. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí irin dídà gidi rà láàárín Òde sí Ṣàgámù?

Wẹ́dà_Mákùn · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́ńdè, mo mọ ẹnì kan tó ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré. Mú òòfà ẹ dání.